Kíìtì Honda RC213V ti Tamiya: mo tò ó, mo kùn ún ní Àjàṣẹ́, ohun tí mo rí níbẹ̀ nìyí

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn màṣíìnì. Ẹ jẹ́ n tètè sọ ibi tí mò ń lọ kẹ́ ẹ má baà kà á títí kẹ́ ẹ tó mọ̀: kíìtì (àwọn ẹ̀yà ike tí èèyàn ń tò pọ̀ di àwòṣe) alùpùpù eré ìje Repsol Honda RC213V ti ọdún 2014 tí Tamiya ṣe (Repsol ni ilé iṣẹ́ epo tó ń náwó sí tíìmù náà nígbà yẹn), ìwọ̀n 1/12, ó dáa, ó dáa gan-an ni, mi ò tíì rí kíìtì alùpùpù tí àwọn ẹ̀yà ẹ̀ wọ ara wọn tó báyìí. Ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú páálí yẹn, ìdajì iṣẹ́ ni. Ìdajì tó kù, ọ̀dà ni, àti pé níbí ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), pẹ̀lú ọ̀rinrin tó ń ti ọ̀sà wá àti òjò wa yìí, ọ̀dà ló máa sọ bóyá ohun tẹ́ ẹ máa gbé sórí tábìlì máa jọ màṣíìnì eré ìje tàbí kó jọ ìṣeré ọmọdé. Torí náà mo máa sọ ti kíìtì, ṣùgbọ́n ti ọ̀dà ni mo máa sọ jù.

Pátákó ṣọ́ọ̀bù ni mo ń kùn, iṣẹ́ ọwọ́ mi nìyẹn, ọ̀dà ni mo fi ń jẹun. Torí náà nígbà tí ọ̀rẹ́ mi kan tó wà ní Faransé bi mí pé kí lòun lè bá mi mú bọ̀, mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì, kíìtì yìí ni mo dárúkọ. Ìwọ̀n 1/12 yẹn, ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé tẹ́ ẹ bá to méjìlá irú ẹ̀ tẹ̀lé ara wọn, gígùn màṣíìnì gidi kan lẹ máa rí. Èyí tó gidi fi díẹ̀ gùn ju mítà méjì lọ, torí náà tinú kíìtì ò ju nǹkan bíi sẹ̀ńtímítà 17 lọ, ó jókòó sórí àtẹ́lẹwọ́ dáadáa, síbẹ̀ kò kéré débi tójú ò ní rí wáyà àti síkúrù tó wà lára ẹ̀.

Tamiya fúnra wọn, ará Japan ni wọ́n, ìlú Shizuoka. Ọdún 1946 ni Yoshio Tamiya dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀, igi ni wọ́n kọ́kọ́ ń là tí wọ́n ń tà, àwọn àwòṣe onígi ni wọ́n sì ṣe kí wọ́n tó bọ́ sórí ike. Ẹ máa rí ìràwọ̀ méjì lórí páálí wọn, pupa kan, búlúù kan. Tó bá jẹ́ ti alùpùpù eré ìje 1/12, mi ò rò pé ẹnì kankan mọ̀ ọ́n ṣe jù wọ́n lọ. Hasegawa náà ń ṣe àwọn Honda àti Yamaha ayé àtijọ́ tó ń lo ẹ́ńjìnì two-stroke, ó dáa, ó sì rẹwà, ṣùgbọ́n tẹni tó ti mọwọ́ ni.

Àwọn tí ò mọ ìtàn ọdún 2014, ẹ jẹ́ n sọ díẹ̀ níbẹ̀ torí ó kan nọ́ńbà tẹ́ ẹ máa lẹ̀ mọ́ ọn. Marc Márquez ọmọ Sípéènì ló ń gun 93. Ọmọ ogún ọdún péré ni nígbà tó gba ife MotoGP, ìpele eré ìje alùpùpù tó ga jù lágbàáyé, ní 2013, kò sẹ́ni tó kéré jù ú lọ tó gbà á rí, nígbà tó wá di 2014 eré mẹ́wàá àkọ́kọ́, òun ló gba gbogbo ẹ̀, mẹ́wàá léraléra o! Ó di Brno ní Czech lóṣù Ògọ́ọ̀sì kẹ́nì kan tó dá a dúró, ẹni yẹn kì í sì í ṣe ọ̀tá láti ibòmíì, Dani Pedrosa ni, tí wọ́n jọ wà nínú tíìmù kan náà, tí wọ́n jọ ń gun RC213V, nọ́ńbà 26. Márquez gba eré 13 kí ọdún tó parí, ife sì tún di tiẹ̀.

Sítíkà àwọn méjèèjì ló wà nínú páálí, ẹ̀yin lẹ máa yàn. Èmi yan 26. Mo mọ̀ pé 93 ni gbogbo ayé ń kùn, tẹ́ ẹ bá wá fọ́tò kíìtì yìí lórí íntánẹ́ẹ̀tì 93 lẹ máa rí títí ojú á fi rẹ̀ yín, ṣùgbọ́n Pedrosa ni ọkàn mi ń bá lọ látìgbà tó ti wà nínú ìpele 250cc. Èèyàn kúkúrú ni, egungun ẹ̀ ń kán, wọ́n ń tò ó, ó ń padà wá, ó gba ife 125cc kan àti 250cc méjì, ó gba eré 31 nínú ìpele tó ga jù, síbẹ̀ kò gba ife ìpele yẹn rí títí tó fi kúrò. Ẹni bẹ́ẹ̀ yẹ kí wọ́n kun màṣíìnì ẹ̀ dáadáa.

Ó yá, inú páálí. Àwọn ẹ̀yà ike tí wọ́n so mọ́ férémù wọn, táyà rọ́bà méjì, àwọn síkúrù kéékèèké, okùn rọ́bà tín-ín-rín tẹ́ ẹ máa gé ṣe wáyà, gíláàsì iwájú tó mọ́ gaara, sítíkà olómi, àti ìwé ìtọ́ni. Àwòrán ló pọ̀ jù nínú ìwé ìtọ́ni yẹn, èdè Faransé sì wà níbẹ̀, torí náà ẹni tó lọ síléèwé níbí ò ní sọnù. Ohun tí kò sí níbẹ̀: kò sí gọ́ọ̀mù, kò sí ọ̀dà ẹyọ kan, kò sí búrọ́ọ̀ṣì, kò sì sẹ́ni tó jókòó lórí màṣíìnì. Bí wọ́n ṣe ń ta kíìtì irú èyí kárí ayé nìyẹn, ṣùgbọ́n ẹ fi sọ́kàn nígbà tẹ́ ẹ bá ń ṣírò owó.

Ọ̀rọ̀ owó, yúrò kan 655.957 sẹ́fà ni, kì í yí padà, torí náà iye tẹ́ ẹ bá rí lórí ìkànnì àwọn ará Faransé, ẹ kàn sọ ọ́ di ọ̀tà-lé-lẹ́gbẹ̀ta sẹ́fà fún yúrò kọ̀ọ̀kan, ẹ sì fi owó ìfiránṣẹ́ àti ti dùwáànì kún un. Kẹ́ ẹ tó sanwó ṣá, ẹ mọ èyí: ọ̀dà agolo tí wọ́n ń fín, tó ní gáàsì nínú, ìfìwéránṣẹ́ kì í gbé e wọ ọkọ̀ òfúrufú torí ó lè bú. Páálí kíìtì á dé, agolo ọ̀dà tí ìwé ìtọ́ni dárúkọ ò ní dé. Ẹ gbọ́dọ̀ ti mọ ibi tẹ́ ẹ máa ti rí ọ̀dà kí kíìtì tó dé, mo máa padà síbẹ̀.

Títò ẹ̀ wá. Ẹ́ńjìnì ni wọ́n ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tò, ibẹ̀ sì lèmi ti rí i pé àwọn èèyàn yìí mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ẹ́ńjìnì V4 ni, sílíńdà méjì dojú kọ iwájú, méjì dojú kọ ẹ̀yìn, 1000cc. Mo gbé e lọ fi han ẹ̀gbọ́n mẹkáníìkì kan tó ń tún màṣíìnì àwọn zémíjàn ṣe nítòsí wa, màṣíìnì tó ń tú lójoojúmọ́ sílíńdà kan péré ló ní. Ó gbé ẹ́ńjìnì ike yìí sójú, ó yí i, ó ní, "Àbúrò, èyí tó wà lẹ́yìn yìí, ibo ni sàlẹ́ńsà ẹ̀ gbà jáde?" Ìbéèrè yẹn dùn mọ́ mi nínú torí ìdáhùn ẹ̀ wà nínú kíìtì: sàlẹ́ńsà méjì ni, sílíńdà iwájú gba ìsàlẹ̀ jáde lápá ọ̀tún, sílíńdà ẹ̀yìn gba abẹ́ ìjókòó lọ sí ìdí. Tamiya ò yọ ìyẹn kúrò, wọn ò fi í pamọ́, páìpù kọ̀ọ̀kan tẹ́ ẹ bá tọ̀ ọ́ pẹ̀lú ojú ẹ máa rí ibi tó ti wá. Ẹ̀gbọ́n ò dìde níbẹ̀ bọ̀rọ̀, ó ń fi ọwọ́ tọ́ka, rédíétọ̀ rè é, ibi tí ṣéènì máa gbà rè é, ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn rè é, gbogbo ohun tó mọ̀ lára màṣíìnì gidi ló ń bá pàdé.

Ìdí tí mo fi ń sọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnì tó báyìí ni pé bọ́dì máa bo púpọ̀ nínú ẹ̀, àwọn kan á sì sọ fún yín pé kẹ́ ẹ má da ara yín láàmú, ẹ fi ọ̀dà dúdú kan kun gbogbo ẹ̀ kẹ́ ẹ bò ó. Èmi ò gbà. Mi ò lẹ bọ́dì ẹ̀gbẹ́ mọ́ra, mo kàn ń gbé e wọ̀ mo ń gbé e kúrò ni, kí ẹni tó bá fẹ́ wo inú lè wò ó, tó bá jẹ́ pé bọ́dì nìkan lẹ fẹ́, fọ́tò tó.

Gígé ẹ̀yà kúrò lára férémù, ẹ má fi ọwọ́ ya á o. Ẹ̀mú kékeré tó ń gé wáyà tẹlifóònù tí wọ́n ń tà lọ́jà ń ṣe é, ẹ jìnnà díẹ̀ sí ẹ̀yà náà kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gé e, kẹ́ ẹ wá fi abẹ gé èyí tó ṣẹ́ kù, kẹ́ ẹ fi sáńpépà 600 ra á, lẹ́yìn náà 1000. Kẹ́ ẹ tó kun ohunkóhun, ẹ fi omi àti ọṣẹ díẹ̀ fọ gbogbo férémù náà, kẹ́ ẹ jẹ́ kó gbẹ, torí òróró ilé iṣẹ́ lè wà lára ẹ̀, ọ̀dà kì í sì í di òróró mú. Gọ́ọ̀mù tó dáa jù ni ti Tamiya fúnra wọn tó ṣàn bí omi, ìdérí ẹ̀ àwọ̀ ewé, ẹ kàn so ẹ̀yà méjì pọ̀ kẹ́ ẹ wá fi búrọ́ọ̀ṣì ìdérí ẹ̀ kan ojú ìsopọ̀ náà, ó máa fà á wọlé fúnra ẹ̀. Ike ló ń yọ́ díẹ̀ tó fi ń lẹ̀ mọ́ra, torí náà níbi tí ọ̀dà bá wà kò ní mú dáadáa, ẹ ha ọ̀dà ibẹ̀ kúrò kẹ́ ẹ tó lẹ̀ ẹ́. Ẹ má fi kan gíláàsì iwájú ṣá, á ṣú, gọ́ọ̀mù funfun tí àwọn ọmọ iléèwé ń lò ló yẹ gíláàsì.

Ó dọwọ́ ọ̀dà wàyí.

Ìwé ìtọ́ni máa sọ àwọ̀ ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú kóòdù, X-18 báyìí, XF-56 báyìí. Àwọn kóòdù X àti XF yìí, ọ̀dà olómi inú ìgò kékeré ni, bóyá ìgò ẹ̀ jẹ́ mìlílítà 10. Ìyẹn rọrùn láti rí gbà ju ti agolo lọ, búrọ́ọ̀ṣì lẹ máa fi kùn ún, álíkóòlù 90 tí wọ́n ń tà ní fámásì sì ń fọ búrọ́ọ̀ṣì ẹ̀ mọ́ tónítóní. Ohun kan nípa ẹ̀: ẹ má padà sórí ibi tẹ́ ẹ ti fi búrọ́ọ̀ṣì gbà kọjá nígbà tó ṣì tutù, ó máa bó kúrò níbẹ̀. Ẹ kùn ún lẹ́ẹ̀kan, ẹ fi sílẹ̀, tó bá gbẹ kẹ́ ẹ tún un kùn. Àwa tó ń kun pátákó, ọwọ́ wa ti mọ́ kí a máa fa búrọ́ọ̀ṣì lọ fà á bọ̀, ọ̀dà yìí ò fẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ tún gbọ́ èyí tó ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ dúdú. Lára màṣíìnì eré ìje, dúdú ò jẹ́ dúdú kan. Táyà dúdú, kò dán. Bọ́dì ìsàlẹ̀ dúdú, ó ń dán. Kábọ́nù (ohun líle tó fúyẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe ẹ̀yà màṣíìnì eré ìje) dúdú, ó wà láàárín. Okùn wáyà dúdú, rọ́bà ibi ẹsẹ̀ dúdú. Tẹ́ ẹ bá fi ìgò dúdú kan kun gbogbo wọn, ojú ò ní rí ibi tí ìkan ti parí tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ ra X-18 tó ń dán díẹ̀, ẹ ra XF-1 tí ò dán rárá, ẹ pò wọ́n pọ̀ fún èyí tó wà láàárín. Àyípadà tí ìyẹn máa mú wá lójú, ẹ máa yà sí i.

Bákan náà ni ti irin. Díìsì bíréèkì iwájú, ẹ má fi àwọ̀ fàdákà kùn ún o! Kábọ́nù ni díìsì iwájú àwọn màṣíìnì MotoGP, eérú tó ṣú ni àwọ̀ ẹ̀, ìgbà òjò nìkan ni wọ́n ń fi irin sí i láyé ọdún 2014, torí kábọ́nù kì í múni dúró àyàfi tó bá gbóná. Tẹ̀yìn ni irin, òun lẹ máa kùn ní fàdákà. Ṣọ́ọ̀kì iwájú, ilé iṣẹ́ Öhlins ló ṣe é, góòlù ni àwọ̀ ẹ̀. Sàlẹ́ńsà náà, iná máa ń yí àwọ̀ irin padà, nítòsí ibi tó gbóná ẹ máa rí àwọ̀ koríko gbígbẹ, àwọ̀ àlùkò, lẹ́yìn náà búlúù. Mo fi X-24, ìyẹ́lò tó mọ́ gaara, sí i fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, mo wá fi X-23 búlúù gba etí ẹ̀, díẹ̀ díẹ̀, ẹ̀gbọ́n mẹkáníìkì ní ṣe ni mo finá sun ún.

Bọ́dì wá ni olórí ìjọba. Àwọ̀ ọsàn àti pupa, àwọ̀ tí gbogbo ayé fi mọ Repsol Honda láti 1995 títí di 2024 tí wọ́n fi pínyà. Rímù náà, àwọ̀ ọsàn. Àwọ̀ ọsàn yìí, ọ̀lẹ àwọ̀ ni, kì í bo ohun tó wà lábẹ́ ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fín in sórí púráímà (ọ̀dà ìpìlẹ̀) eérú, á di àwọ̀ amọ̀, tẹ́ ẹ bá fín in sórí funfun, á tan iná. Torí náà púráímà kọ́kọ́, lẹ́yìn náà funfun tó dọ́gba, lẹ́yìn náà àwọ̀ ọsàn, lẹ́yìn náà téèpù, lẹ́yìn náà pupa, dúdú ló kẹ́yìn. Láti ibi tó mọ́lẹ̀ lọ síbi tó ṣú, ẹ má yí i padà.

Agolo Tamiya tí kò lè wọ ọkọ̀ òfúrufú yẹn, ohun tí mo lò dípò ẹ̀ ni ọ̀dà mọ́tò. Àwọn tó ń ta ọ̀dà fún àwọn tó ń tún bọ́dì mọ́tò ṣe ní Kútọnu, àti níbí náà, ń ta agolo fífín, wọ́n ń ta púráímà, wọ́n ń ta kílíà, ọ̀dà aláìláwọ̀ tí wọ́n ń fi bò ó kẹ́yìn. Ó ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n tínà (omi tó ń yọ́ ọ̀dà) inú ẹ̀ le fún ike. Ẹ má fín in sórí ike lásán, á jẹ ẹ́, ojú ẹ̀ á rí págunpàgun. Púráímà fẹ́lẹ́ lákọ̀ọ́kọ́, kó dà bí ìgbà tí eruku kàn bà á, kẹ́ ẹ jẹ́ kó gbẹ, kẹ́ ẹ tún ṣe bẹ́ẹ̀, títí tó fi bò. Kẹ́ ẹ tó gbé agolo kankan sún mọ́ bọ́dì, ẹ dán an wò lára férémù tẹ́ ẹ ti gé ẹ̀yà kúrò, ike kan náà ni, ohun tó bá ṣe é ló máa ṣe bọ́dì. Ẹ má tún jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ fún yín pé kpayo tó wà nínú ìgò létí títì máa ń fọ ọ̀dà dànù, bẹntiróò ń ba ike yìí jẹ́, ó ń mú kó sán.

Àti pé ọ̀dà agolo ló máa ń ṣáájú o, ti inú ìgò X àti XF ló ń tẹ̀ lé e. Tẹ́ ẹ bá fín ọ̀dà tínà líle sórí èyí tẹ́ ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kùn, á hunjọ.

Ojú ọjọ́ wa nìkan ló kù. Tẹ́ ẹ bá fín ọ̀dà, tínà ń fò lọ, bó ṣe ń fò lọ ó ń mú ojú ibẹ̀ tutù, tí ọ̀rinrin bá pọ̀ nínú afẹ́fẹ́, omi á rọ̀ sínú ọ̀dà kó tó gbẹ, ojú ẹ̀ á wá funfun bíi ti ògì, pàápàá kílíà àti dúdú. Àṣìṣe ọwọ́ kọ́ nìyẹn, afẹ́fẹ́ ni. Ní Àjàṣẹ́ láti Épírì títí dé Júláì, àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ò ṣeé fín nǹkan, tí òjò bá ṣú ẹ gbàgbé ẹ̀. Ọ̀sán gangan, nígbà tí oòrùn bá ti gbẹ ilẹ̀, ni mo ń fín. Ìgbà ọyẹ́ ni afẹ́fẹ́ gbẹ jù, ọ̀dà ń dùn ún fín, àmọ́ eruku ń bẹ, torí náà mo gé páálí ńlá kan lójú kan, inú ẹ̀ ni mo ń fín in sí, bí mo bá sì ti fín in tán mo ń fi báàfù dé e mọ́lẹ̀ títí tó fi gbẹ. Ẹ̀yin ará Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́, ẹ jìnnà sí ọ̀sà, ọyẹ́ yín le ju tiwa lọ, ẹ rọra jẹ̀gbádùn tiyín. Ẹ má gbé agolo sínú oòrùn ṣá, ara ẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí pé kó má gbóná jù, ẹ bo imú yín, ẹ jìnnà sí iná gáàsì, kẹ́ ẹ sì lé àwọn ọmọdé kúrò níbẹ̀.

Sítíkà olómi. Ó pọ̀, ó tín-ín-rín, ibẹ̀ lorúkọ Repsol àti Honda àti nọ́ńbà wà. Ẹ gé e lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ rì í sómi bí ìṣẹ́jú àáyá 10 sí 15, ẹ gbé e kúrò, ẹ dúró díẹ̀ kó tú lára pépà, kẹ́ ẹ wá yọ́ ọ sí ibi tó yẹ pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì tútù. Níbi tí bọ́dì ti tẹ̀, kò ní fẹ́ jókòó. Tamiya ń ta omi kan tí wọ́n ń pè ní Mark Fit, ó ń mú kó rọ̀, tẹ́ ò bá ní i, ẹ ki aṣọ bọ omi gbígbóná, ẹ fún un, ẹ rọra tẹ̀ ẹ́. Ó gba sùúrù o, ìyẹn ni mo ṣe ń ṣe ẹ̀gbẹ́ kan lọ́jọ́ kan, mo ń fi èkejì sílẹ̀ di ọjọ́ míì. Iṣẹ́ tó le ni títẹ̀ ẹ́ síbi tó yẹ, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́ jáde mọ́, àwọ̀ ẹ̀ dọ́gba, lẹ́tà tó kéré jù níbẹ̀ ṣeé kà, èmi tí mò ń fọwọ́ kọ lẹ́tà jẹun mo kí wọn níbẹ̀.

Lẹ́yìn tí sítíkà bá gbẹ dáadáa, kílíà ló kàn. Ẹ má da kílíà lù ú lẹ́ẹ̀kan náà, tínà ẹ̀ máa ká sítíkà kò. Fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹ jìnnà sí i bíi sẹ̀ńtímítà 30, tí ìyẹn bá ti gbẹ tó bo sítíkà, kẹ́ ẹ tó wá fín èyí tó tutù tó ń dán. Fi í sílẹ̀ ọjọ́ mélòó kan kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án, ọ̀rinrin wa ń mú kó pẹ́ gbẹ nínú bó tilẹ̀ gbẹ lójú.

Títò ìkẹyìn ò ní ìdààmú. Ẹ fi sáńpépà ra àárín táyà díẹ̀ kó jọ pé ó ti sáré, àwọn wáyà ẹ tẹ̀ lé àwòrán, síkúrù ẹ má fún un jù. Ṣéènì jẹ́ ike tó papọ̀ mọ́ra, kì í yí, ẹni tó bá fẹ́ kó dáa ní láti fi búrọ́ọ̀ṣì tó kéré jù gba ẹnu ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ṣe é, ó yẹ.

Ta ló yẹ kó rà á? Ọmọdé kọ́, ẹ̀yà kéékèèké pọ̀ níbẹ̀, ọ̀dà ẹ̀ sì ní èéfín. Ẹni tí ò tò ó rí tí ò sì kun nǹkan rí, mi ò ní sọ pé kó bẹ̀rẹ̀ látibí, Tamiya ní Honda Monkey ìwọ̀n 1/6, ó tóbi, bọ́dì ẹ̀ ò pọ̀, ibẹ̀ ló dáa kéèyàn ti mọ ọ̀dà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń kun nǹkan ṣiṣẹ́, tó ń tún màṣíìnì ṣe, tàbí tó kàn nífẹ̀ẹ́ MotoGP tó sì lè dúró de ọ̀dà kó gbẹ, ẹ rà á. Tẹ́ ẹ bá ti parí ẹ̀, ẹ má gbé e sí ojú wíńdò, mo mọ̀ láti ara pátákó tí mò ń kùn pé pupa ló kọ́kọ́ ń ṣá lábẹ́ oòrùn, àwọ̀ ọsàn tẹ̀ lé e.

Ẹni tó bá sì ti ń ronú àtirà á báyìí, kó kọ́kọ́ lọ wá agolo funfun àti àwọ̀ ọsàn tó dáa, kó dán wọn wò lára ike tó ti gbó, kó rí bí wọ́n ṣe ń gbẹ nínú ilé tiẹ̀. Tó bá ti rí èyí tó tẹ́ ẹ lọ́rùn, kó wá paṣẹ kíìtì. Tẹ́ ẹ bá mọ ẹni tó ń ta àwọ̀ ọsàn tó mọ́ dáadáa ní Àjàṣẹ́ láì jẹ́ pé a lọ sí Kútọnu, ẹ jọ̀ọ́ ẹ sọ fún mi, mo ṣì ní rímù míì láti kùn.